Owó Kọ̀ǹpútà Kékeré Gòkè: Kí Ni Ó Kan Àwọn Tí Ń Kan Àpótí Eré?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Raspberry Pi, tí ó wà ní ìlú Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé òun ti fi owó lé iye tí òun ń ta àwọn kọ̀ǹpútà kékeré òun. Èyí tí ó wọ́n jù nínú ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Raspberry Pi 5, tí wọ́n ń tà ní 120 dọ́là tẹ́lẹ̀, di 145 dọ́là. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kejì ọdún 2026, owó rẹ̀ tún gòkè, ó di 205 dọ́là. Bí ènìyàn bá ṣírò rẹ̀ sí owó sẹ́fà, ohun tí ó jẹ́ nǹkan bí 67,000 tẹ́lẹ̀ wá lé ní 110,000 nígbà náà, láìtíì ka owó ọkọ̀ àti owó ibodè mọ́ ọn.

Ìròyìn yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yìí wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn ọ̀dọ́ káàkiri ayé, nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀. Lára àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù ni àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn kan àpótí eré nínú ilé. Ọ̀rọ̀ tiwọn ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò, nítorí pé ó fi hàn kedere ẹni tí owó tuntun yìí ń pa lára àti ẹni tí kò pa lára rárá.

Kọ̀ǹpútà náà kò ju káàdì ìdánimọ̀ lọ ní gígùn àti ní ìbú. Pátákó pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ni, tí wọ́n lẹ gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà mọ́. Kò ní ojú, kò ní bọ́tìnnì ìkọ̀wé, kò sì ní àpótí. Ẹni tí ó bá rà á yóò so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, yóò fún un ní iná láti ara ṣájà bíi ti tẹlifóònù, yóò sì ti káàdì pẹ́ńpẹ́, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú tẹlifóònù, bọ ihò rẹ̀. Lórí káàdì yìí ni gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà náà mọ̀ wà.

Kí ni ó wá gbé owó rẹ̀ sókè? Ìrántí ni. Ẹni tí ó bá ti ra tẹlifóònù rí yóò ti gbọ́ kí olùtajà sọ pé, «Giga mẹ́rin ni èyí, giga mẹ́jọ ni tọ̀hún.» Oríṣi giga méjì ni ó wà, àwọn ènìyàn a sì máa kó wọn pọ̀ mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ aránṣọ ṣe àpẹẹrẹ. Aránṣọ ní àpótí tí ó ń kó aṣọ oníbàárà sí, ó sì ní tábìlì tí ó ń tẹ́ aṣọ lé nígbà tí ó bá ń gé e. Káàdì dà bí àpótí aṣọ. Ìrántí iṣẹ́ dà bí tábìlì: ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́ ni ó máa ń tẹ́ síbẹ̀. Bí tábìlì bá ṣe fẹ̀ tó ni iṣẹ́ tí ẹ̀rọ lè tẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yóò ṣe pọ̀ tó.

Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìrántí iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń lò: Samsung àti SK Hynix ní ilẹ̀ Kòríà, àti Micron ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti ìgbà tí àwọn ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá ti gbòde, àwọn ilé-iṣẹ́ olówó ńlá ń kọ́ ilé ràgàjì tí wọ́n ń kó kọ̀ǹpútà sí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí ń jẹ ìrántí bí iná ṣe ń jẹ ewé gbígbẹ. Owó tí wọ́n ń san pọ̀, àwọn tí ń ṣe ìrántí sì kọjú sí wọn. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìkéde ti Raspberry Pi, Micron náà kéde pé òun yóò jáwọ́ nínú ọjà Crucial, èyí tí òun ń ta fún àwọn ènìyàn lásán, kí òun lè rí èyí tí ó pọ̀ tó fún àwọn oníbàárà ńlá.

Àwọn ìyá tí ń tajà ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kétu mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí alágbàtà kan bá fi ọkọ̀ ńlá wọ ọjà ní òwúrọ̀, tí ó kó gbogbo àgbàdo tán, owó òṣùwọ̀n kan tí ó kù fún aládùúgbò kò ní jẹ́ ti àná mọ́. Aládùúgbò kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn dé ọjà lẹ́yìn alágbàtà ni.

Àmọ́ ohun kan wà nínú ìkéde náà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kò kíyè sí. Bí tábìlì ẹ̀rọ bá ṣe fẹ̀ tó ni owó rẹ̀ ṣe gòkè tó. Ní oṣù kejì ọdún 2026, wọ́n fi 60 dọ́là lé ẹ̀rọ oní-giga 16, wọ́n fi 30 lé ti giga 8, 15 lé ti giga 4, àti 10 lé ti giga 2. Ti giga 1 kò yí padà. Àwọn ẹ̀yà àtijọ́, bíi Raspberry Pi 3, kò yí padà pẹ̀lú, nítorí pé irú ìrántí mìíràn, tí ó ti pẹ́, ni wọ́n ń lò, ilé-iṣẹ́ náà sì ti kó èyí tí yóò tó fún ọdún púpọ̀ pamọ́. Kódà ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá yẹn gan-an, wọ́n mú Raspberry Pi 5 tuntun kan jáde tí kò ní ju giga 1 lọ, owó rẹ̀ sì jẹ́ 45 dọ́là.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àpótí eré ti wọlé. Ẹni tí ó bá mọ bebifúùtù tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbá ní ìgboro Kútọnù kò ní ṣòro fún láti mọ ohun tí àpótí eré jẹ́. Ní ilẹ̀ Faransé, nínú ilé ọtí kan náà ni àwọn méjèèjì máa ń dúró sí. Àpótí onígi ni, ó ga tó ènìyàn. Ojú bíi ti tẹlifíṣọ̀n wà nínú rẹ̀, ọ̀pá ìdarí kan àti bọ́tìnnì mélòó kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ṣeré yóò sọ owó wẹ́wẹ́ sínú ihò, yóò dúró, yóò sì máa ṣeré títí ọ̀tá inú ẹ̀rọ yóò fi ṣẹ́gun rẹ̀. Ní ọdún 1978, ará Jàpáànù kan tí ń jẹ́ Tomohiro Nishikado ṣe Space Invaders fún ilé-iṣẹ́ Taito. Eré náà gbajúmọ̀ káàkiri ayé. Ní ọdún 1980, Pac-Man tẹ̀lé e láti ilé-iṣẹ́ Namco: ẹnu róbótó kan tí ń sá kiri, tí ń jẹ èso, tí iwin mẹ́rin sì ń lé e.

Àwọn àpótí àtijọ́ wọ̀nyí ti gbó. Èyí tí ó ṣẹ́kù wọ́n, ó sì wúwo. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe ń kan tuntun fúnra wọn, tí wọ́n sì ń fi kọ̀ǹpútà kékeré sínú rẹ̀ dípò ẹ̀rọ àtijọ́.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Eré àtijọ́ kò gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà òde òní. Èdè ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe é fún nìkan ni ó gbọ́. Ó wá di dandan kí ògbufọ̀ wà láàárín wọn, gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀ ṣe ń jókòó láàárín ará Sábẹ̀ẹ́ tí kò gbọ́ Faransé àti adájọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá. Ètò kọ̀ǹpútà ni ògbufọ̀ yìí. Ní ọdún 1997, ará Ítálì kan, Nicola Salmoria, gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ jáde, tí ó ń jẹ́ MAME. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bá a tún un ṣe láti ìgbà náà, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn mìíràn kó irú àwọn ògbufọ̀ báyìí jọ sí ojú kan fún Raspberry Pi, wọ́n sì sọ ọ́ ní RetroPie. Ẹni tí ó bá da ètò yìí kọ sórí káàdì rẹ̀ ti parí iṣẹ́ tí ó le jù.

Báwo ni tábìlì tí eré wọ̀nyí nílò ṣe fẹ̀ tó? Gbogbo ètò Space Invaders kò ju kilobáìtì 8 lọ. Giga 1 lé ní kilobáìtì 1,000,000. Ìyẹn ni pé tábìlì oní-giga 1 lè gba irú eré bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 100,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé ògbufọ̀ fúnra rẹ̀ ń gba àyè ju eré lọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó ra ẹ̀rọ oní-giga 16 láti fi ta Pac-Man dà bí ẹni tí ó háyà ọkọ̀ akẹ́rù láti fi gbé agbọ̀n ata kan.

Ó yẹ kí a ya ohun kan sọ́tọ̀. Àwọn eré tí wọ́n ṣe ní òpin ọdún 1990 síwájú, tí ènìyàn àti mọ́tò inú wọn ní iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́, le fún ẹ̀rọ àtijọ́. Raspberry Pi 3 lè máa fà bí ìgbín bí wọ́n bá fi wọ́n sí i. Ṣùgbọ́n agbára ìṣirò ni irú eré bẹ́ẹ̀ ń béèrè, kì í ṣe tábìlì gbígbòòrò. Ẹ̀yà tuntun tí giga rẹ̀ kéré ni yóò bá wọn mu. Olùtajà tí ó bá ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé «giga púpọ̀ ni ó dára jù» ń wá èrè tirẹ̀.

Nínú àpótí eré, kọ̀ǹpútà gan-an kì í sábà jẹ́ ohun tí ó wọ́n jù. Pákó wà, gbẹ́nàgbẹ́nà sì wà ní gbogbo ìlú láti Àjàṣẹ́ títí dé Atakpamé. A lè rí ojú kọ̀ǹpútà àlòkù nínú ọjà tí ó ti Yúróòpù wọ Kútọnù. Ohun tí ó ń dánilágara ni ọ̀pá ìdarí àti bọ́tìnnì. Àwọn ọ̀dọ́ á máa lù wọ́n, wọ́n á máa fà wọ́n, bí wọ́n kò bá sì lágbára, wọn kò ní pẹ́. Okùn iná wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń so bọ́tìnnì mọ́ kọ̀ǹpútà. Pátákó náà ní abẹ́rẹ́ irin 40 ní etí rẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Okùn kan lọ sí abẹ́rẹ́ tirẹ̀, èkejì lọ sí èyí tí gbogbo wọn jùmọ̀ ń lò. Ẹni tí ó bá lè tún rédíò ṣe lè ṣe iṣẹ́ yìí láàárín ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni ó yẹ kí oníṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti ti Tógò rò jinlẹ̀, nítorí pé àwọn ìwé tí òyìnbó kọ lórí àpótí eré kì í sábà dé ìdí rẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń kọ nǹkan sórí káàdì lọ́wọ́, tí iná sì lọ lójijì, ohun tí ó wà lórí káàdì náà lè bàjẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ náà kò ní jí. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé kọ̀ǹpútà ti kú, yóò sì gbé e sọ nù, bẹ́ẹ̀ káàdì nìkan ni ó bàjẹ́. Ọgbọ́n méjì ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ń dá. Wọ́n ń da gbogbo ohun tí ó wà lórí káàdì kọ sórí káàdì mìíràn, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Wọ́n sì tún ń pa ẹ̀rọ láṣẹ pé kí ó máa ka káàdì nìkan, kí ó má kọ nǹkan kan sí i. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, iná lè lọ kí ó sì dé ní ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́, ìbẹ̀rù káàdì tí ń bàjẹ́ yóò dín kù púpọ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ kò ní lè rántí ẹni tí ó gba àmì jù lánàá. Àwọn ọ̀dọ́ kò ní fẹ́ràn ìyẹn.

Ṣájà pẹ̀lú ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣájà tẹlifóònù tí ó wà lójú pópó kì í pèsè iná tí wọ́n kọ sí ara wọn. Bí iná bá kéré sí i, Raspberry Pi máa ń fi àmì mànàmáná kékeré hàn ní igun ojú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí ó bá rí àmì yẹn kò gbọdọ̀ wá ẹ̀bi sára eré. Ṣájà ni kí ó pààrọ̀. Ìyàtọ̀ tún wà láàárín àwọn ẹ̀yà: ṣájà tí wọ́n ṣe fún Raspberry Pi 3 kò ju wáàtì 13 lọ, ti Raspberry Pi 5 jẹ́ wáàtì 27. Fún ilé tí ń gba iná láti ara oòrùn, kì í ṣe ìyàtọ̀ kékeré ni èyí.

Òfin ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni ògbufọ̀, ṣùgbọ́n eré kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àwọn tí ó ni Space Invaders àti Pac-Man ṣì wà, ẹ̀tọ́ wọn sì wà. Ní ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ Nintendo pe àwọn kan lẹ́jọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà nítorí pé wọ́n ń pín eré rẹ̀ láìgba àṣẹ. Ẹjọ́ náà parí sí gbèsè tí ó lé ní 12,000,000 dọ́là lọ́rùn wọn. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò náà wà nínú Àdéhùn Bangui, tí ó dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ ẹni, ètò kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Àwọn eré díẹ̀ wà tí àwọn tó ni wọ́n ti yọ̀ǹda fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń fi í sí àdéhùn pé kí ẹnikẹ́ni má fi pa owó. Nítorí náà, àpótí tí ó wà nínú yàrá ọmọ yàtọ̀ sí àpótí tí ó dúró sí iwájú ìsọ̀, tí ń gba owó wẹ́wẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọ́ di òwò ní láti gba àṣẹ, tàbí kí ó lo eré tí ọmọ ilẹ̀ yìí fúnra rẹ̀ ṣe.

Kò sì ṣòro tó bí ó ṣe dún létí. Ìdí tí kọ̀ǹpútà yìí fi wà láyé nìyẹn. Eben Upton, tí ó ń kọ́ni ní yunifásítì Cambridge, ni ó rí i pé àwọn ọmọ tí ń wá kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ń dín kù, àti pé àwọn tí ó ń wá kò mọ̀ ọ́n tó àwọn tí ó ṣáájú wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 1990, ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú nínú ilé, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn kọ eré sí i. Nígbà tí ó yá, ẹ̀rọ tí a kàn ń bá ṣeré, tí a kò lè tú wò, gba ipò rẹ̀. Láti ọdún 2006 ni Upton ti ń gbìyànjú pátákó tirẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2012, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e sí ọjà ní 35 dọ́là. Ó ti lé ní 60,000,000 irú rẹ̀ tí wọ́n ti tà.

Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà kì í ṣe ti olùkọ́ nìkan mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ó wọ ọjà ìpín ìdókòwò ti Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ní àwọn onípìn-ín tí ń retí èrè. Ṣáájú ìgbà náà pàápàá, nígbà tí ṣíìpù wọ́n gógó láàárín ọdún 2021 sí 2023, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fi pátákó náà sínú ọjà tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá lóhùn. Olùkọ́ àti ọmọ ilé-ìwé dúró lẹ́yìn. Àwọn tí kò lè dúró rà á lọ́wọ́ àwọn tí ń tún un tà, ní owó tí ó pọ̀ ju iye rẹ̀ lọ fíìfíì. Pé giga 1 kò wọ́n sí i ní oṣù kejì ọdún 2026 jẹ́ ohun ìyìn, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kan tí ó sọ pé yóò rí bẹ́ẹ̀ títí lọ.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ọmọ níṣẹ́ so gbogbo ìrètí rẹ̀ mọ́ ọjà kan ṣoṣo. Ní Lomé, ní ọdún 2013, Afate Gnikou fi ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti dànù ṣe ẹ̀rọ tí ń fi ike mọ nǹkan. Ní Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú, àwọn ọ̀dọ́ ti kó ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà àlòkù sínú kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 20, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Jerry. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí ó ti lo ọdún 15, tí giga rẹ̀ kò ju 2 lọ, yóò ta Space Invaders láìsí wàhálà, MAME sì gbọ́ èdè rẹ̀ pẹ̀lú. Ó tóbi, ó ń pariwo, ó sì lè jẹ iná ní ìlọ́po márùn-ún Raspberry Pi 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí iná kì í ti lọ, ẹ̀rọ àlòkù yìí ni owó rẹ̀ rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ó bá jẹ́ pé pátákó oòrùn kan ni ó ń tan gílóòbù, tí ó ń fi iná sí tẹlifóònù, tí yóò sì tún gbé àpótí eré ró, wáàtì ni kí ènìyàn kọ́kọ́ kà kí ó tó ka owó.